Láàárín Kú àti Kù

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Etí Ológbò. Etí rẹ̀ kò tóbi, kò sì ṣe ṣóńṣó. Ohun tó fà á ni pé bí ènìyàn bá gbé rédíò tó bàjẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò ní tíì tú u tí yóò ti mọ ibi tí àìsàn wà. Yóò tàn án, yóò dijú, yóò gbọ́ bó ṣe ń fọhùn, yóò wá ní, "Sípíkà kọ́. Inú ló ti wá." Ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ máa ń sọ pé bí ìyàwó Etí Ológbò bá fẹ́ ráhùn, kó wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn kó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé láti orí òpópónà ni ọkọ rẹ̀ ti máa gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ó fẹ́ràn orúkọ náà. Bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀ láti òdìkejì títì, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, kí wọ́n lè tún un pè.

Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi jókòó nídìí tábìlì kan náà. Irin tó fi ń jó lẹ́ẹ̀dì ti sun tábìlì náà títí ó fi dàbí ojú ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná bá jà. Lápá òsì ni agolo wà ní ìpele-ìpele, àwọn kapasítọ̀ nínú èyí, kọ́ìlì nínú ìyẹn, ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ nínú èyí tó kẹ́yìn. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá náà kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Òwe àti àfiwé ló fi ń kọ́ni.

"Iná méjì ló wà," ni ọ̀gá máa ń wí. "Ọ̀kan ń lọ ọ̀kánkán, kì í wẹ̀yìn. Èkejì ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Ohùn ènìyàn, bó bá ti wọ inú wáyà, iná àlọ-àbọ̀ ni. Ohùn tó rinlẹ̀ ń rọra lọ, ó ń rọra bọ̀. Ohùn tó rí tín-ín-rín ń sáré lọ, ó ń sáré bọ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

"Ó dáa. Kapasítọ̀ wá dà bí korobá tí kò ní ìdí jíjò. Iná tó lọ́ra dé ibẹ̀, ó ń dà sínú rẹ̀, ó ń dà sínú rẹ̀, korobá kún, kò sáyè mọ́, ó di dídúró. Iná tó yára ńkọ́? Kí korobá tó kún, ó ti ń padà sẹ́yìn, ó ti ń gbọ́n ọn jáde. Kò pàdé ìdènà rárá. Bí iná bá yára gan-an, bí ẹni pé kapasítọ̀ kò sí lọ́nà ni. Bó bá lọ́ra gan-an, bí ẹni pé wọ́n ti gé wáyà ni. Kọ́ìlì ni òdìkejì rẹ̀. Alágídí ni kọ́ìlì, kò fẹ́ àyípadà. Ẹni tó bá rọra bá a lò, á jẹ́ kó kọjá. Oníwàǹwára, á dì í mú lọ́rùn."

Ẹ̀kọ́ yìí kò ṣòro. Ó ti lò ó láìmọye ìgbà. Bí rédíò bá ń dún bí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń já, ó mọ ohun tí yóò fi kún un. Bó bá ń bú bí akọ màlúù, ó mọ ohun tí yóò yọ.

Nígbà tí Ìyá Aránṣọ gbé ẹ̀rọ ìgbọ́ràn rẹ̀ wá, iṣẹ́ náà kéré lójú rẹ̀. Ìyá náà ti fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀ láti ìgbà tí ojú ti ń ṣe bàìbàì, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí í ṣe tíṣà. Ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ irú àpótí kékeré tí wọ́n ń fi há àyà, tí wáyà ti inú rẹ̀ gun etí.

"Etí Ológbò, nǹkan yìí ń kùn mọ́ mi," ni ìyá náà wí. "Bí mo bá yí ọrùn, gburu gburu. Bí aṣọ bá kàn án, gburu gburu. Ṣé etí ni ọmọ mi rà fún mi ni, àbí ẹ̀rọ ìlọta?"

"Màmá, ẹ jókòó. Kò ní kùn mọ́."

Ó tú àpótí náà. Kapasítọ̀ tí ohùn máa ń gbà kọjá láti ibi gbohùngbohùn wá sínú ẹ̀rọ kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Wọ́n kọ 104 sára rẹ̀. Ó ronú pé ohùn gburu gburu lọ́ra, ó rinlẹ̀. Bí òun bá fi korobá tó kéré sí i sójú ọ̀nà, ohùn tó lọ́ra á tètè kún un, á dúró sẹ́yìn. Ó na ọwọ́ sí agolo, ó mú èyí tí wọ́n kọ 103 sára rẹ̀, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ti àkọ́kọ́. Ó jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, ó kì wáyà bọ etí ara rẹ̀, ó fi aṣọ pa àpótí náà lára. Kò kùn. Ó ní kí ìyá náà sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì mọ́ gaara bí omi tó ń sàn lórí àpáta.

Etí ara rẹ̀ ló fi dán an wò. Ibẹ̀ ni àṣìṣe náà wà.

Etí àgbà kì í ṣe etí ẹni àádọ́ta ọdún. Ohùn tín-ín-rín ló máa ń kọ́kọ́ kú fún àgbà. Ohùn tó rinlẹ̀ ló máa ń ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́. Ó mọ èyí. Ọ̀gá rẹ̀ fúnra rẹ̀, lọ́jọ́ ogbó, kò gbọ́ agogo ilé ẹ̀kọ́ mọ́ ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ lórí pákó. Etí Ológbò ti gba ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ìyá náà, ó sì fún un ní ohun tí kò lè lò mọ́. Lédè wa tí a ń sọ yìí, ohun tó ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ àti ọkọ́ kì í ṣe lẹ́tà. Bí ohùn ṣe ń gòkè àti bó ṣe ń sọ̀ ni, ìsàlẹ̀ ohùn sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà.

Ìyá náà gbọn àpótí, ó rẹ́rìn-ín. "Kò kùn mọ́. Ọlọ́run á máa ṣí etí rẹ." Nígbà tí Etí Ológbò sì ń dá a lóhùn, ó ṣàkíyèsí pé ẹnu òun ni ìyá náà ń wò bí ẹni tó ń kàwé. Ó ṣàkíyèsí rẹ̀, kò béèrè nǹkan kan. Ó ń ronú bí òun ṣe máa ròyìn rẹ̀ fún onígbàjámọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ìyá náà pé ọgọ́rin ọdún. Àwọn ẹbí fẹ́ wá ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì pín ara wọn sínú ọkọ̀ méjì. Òjò ti rọ̀ láti ìdájí, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ọ̀nà kò dára, ìyá náà sì ti ń rìn káàkiri yàrá láti àárọ̀ pé kí ló ń dá wọn dúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, wà nínú ọkọ̀ kejì tó pẹ́ lẹ́yìn. Ìyàwó Tíṣà gbọ́ ìró ọkọ̀ àkọ́kọ́, ó jáde lọ kí wọn, ó sì sáré padà wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá, aṣọ rẹ̀ tutù, ó ń mí gúlegúle.

"Wọ́n ti dé, Màmá," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n yín nìkan ló kù."

Ohun tí ìyá náà gbọ́ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n yín nìkan ló kú."

Ó dìde láìmú ọ̀pá, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn méjì tó wà láàárín yàrá àti pálọ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Wákàtí kan lẹ́yìn tí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé, tòun ti báàgì rẹ̀, tó ń béèrè pé níbo ni ọlọ́jọ́ ìbí wà.

Ìyá náà kò kú. Wọ́n gbé e padà wálé, ṣùgbọ́n orí bẹ́ẹ̀dì ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́nu rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá wá kí i: "Ó ní ó kú. Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ." Bí ẹnì kan bá ní bóyá àṣìgbọ́ ni, yóò fọwọ́ lu àpótí àyà rẹ̀. "Àṣìgbọ́ wo? Etí Ológbò fúnra rẹ̀ ló tún un ṣe. Kò tíì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí."

Ọ̀rọ̀ náà jáde sí òpópónà. Wọ́n ní Ìyàwó Tíṣà kò fẹ́ràn ìyá ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní eré burúkú ló fi ṣe, eré ló di òótọ́. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́ jù, nítorí ẹni tí wọ́n ń gé irun fún kò lè dìde lọ.

Nígbà náà ni Tíṣà gbé ẹ̀rọ náà wá. Ọkùnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka àkọsílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyàwó mi ń búra pé kù lòun wí. Màmá ń búra pé kú làwọn gbọ́. Ẹni tó ń parọ́ nínú àwọn méjèèjì, mi ò fẹ́ mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni, inú mi á dùn."

"Ẹ fi sílẹ̀ di ọ̀la," ni Etí Ológbò wí.

Nígbà tí Tíṣà lọ tán, ó wo àpótí náà fún ìgbà pípẹ́ kó tó tú u. Ó kì wáyà bọ etí, ó sọ kú, ó sọ kù. Ó gbọ́ méjèèjì, wọ́n sì yàtọ̀. Ara ìbá ti fúyẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti ń sọ fún un láti ìgbà tí Tíṣà ti la ẹnu. Ó mú ẹ̀rọ kékeré kan tó ní bọ́tìnnì fún gígé ohùn tín-ín-rín kúrò, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ náà, kí etí òun lè dà bí etí ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó tún sọ ọ́. Kú. Kù. Ohun kan náà ló dé etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ìró "k" kan tó gbẹ, àti èémí lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún un ṣe nígbà mẹ́jọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè pàdánù ìdí rẹ̀ bí igi tí ikán jẹ, kó ṣì dúró.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, ó ṣe é kíá, bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó yọ 103, ó jó 104 padà sí àyè rẹ̀, ó de ìṣó. Nígbà tí Tíṣà dé lọ́jọ́ kejì, ó gbé àpótí náà fún un.

"Kò sí nǹkan tó ṣe é," ló wí. "Ẹ̀rọ kì í yí ọ̀rọ̀ padà."

Ó rò pé òun ti tún nǹkan ṣe. Ìyá náà yóò máa gbọ́ dáadáa, ọ̀rọ̀ á tutù, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Kò ronú pé nílé, Tíṣà yóò fi ẹ̀rọ náà sí ìyá rẹ̀ létí, yóò ní kí ìyàwó òun dúró lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì kó sọ kú, kó sọ kù. Ìyá náà mọ ìkíní, ó mọ ìkejì, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Àtúnṣe rẹ̀ ló di ẹlẹ́rìí tó ta ko obìnrin náà.

Onígbàjámọ̀ ló mú ìròyìn náà wá, ó gbé àga rẹ̀ wá síta kó lè sọ ọ́ tán. "Wọ́n dán an wò níwájú Màmá. Ẹ̀rọ rẹ kò yẹ̀. Àní o ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí ìyàwó náà lọ gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí ara Màmá lè balẹ̀. Fúngbà díẹ̀, ìwọ náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọjọ́ Sátidé ni."

"Hẹn-ẹn," ni Etí Ológbò wí.

"Orí ẹ ló bá ẹ ṣe é. Ká ní ẹ̀rọ ló ṣì í gbọ́ ni, ta ló tún máa gbé rédíò wá fún ẹ?"

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti wọlé sí i mọ́ bó ṣe yẹ. Bí wọ́n bá pè é ní Etí Ológbò láti òdìkejì títì, ó ń tètè dáhùn, kí wọ́n má baà tún un pè. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ló dé tó ń sọ̀rọ̀ sábẹ́ eyín. Ó ní kò sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dìde kó lọ sílé Tíṣà. Lẹ́ẹ̀kíní, ó dé ẹnu géètì, ó gbọ́ ohùn ìyá náà, ó yà síbi tí wọ́n ń ta bátìrì bí ẹni pé ibẹ̀ lòun ń lọ. Lẹ́ẹ̀kejì, kò tilẹ̀ kọjá ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó tò sílẹ̀ láti sọ ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwáwí: pé ìyá náà ló ní kó má kùn mọ́, pé ènìyàn ló ń ṣiṣẹ́, pé òun kò mọ̀ nígbà náà. Òótọ́ ni gbogbo wọn. Kò sí èyí tó kan ọjọ́ tó ní kò sí nǹkan tó ṣe é.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ méjì ṣáájú Sátidé, Ìyàwó Tíṣà fúnra rẹ̀ ló wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀; ìwé ló ń tẹ̀ ní ọ́fíìsì kan, àkókò oúnjẹ ọ̀sán ló sì fi wá. Ó gbé àpótí náà lé tábìlì.

"Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Màmá ní ẹ̀rọ tún ti ń kùn. Wọ́n ní kí ẹ dá a padà sí bó ṣe wà nígbà tí ẹ kọ́kọ́ tún un ṣe. Wọ́n ní ìgbà yẹn ló dára jù."

Etí Ológbò wo àpótí náà. Ó wo ọwọ́ obìnrin náà tó ṣì wà lórí rẹ̀.

"Jókòó, ìyàwó."

"Mi ò lè pẹ́. Bí mo bá pẹ́, wọ́n á ní mo dúró sọ̀rọ̀ níbìkan." Ó sọ ọ́ bí àwàdà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá a ṣe é.

"Jókòó, jọ̀ọ́."

Ó jókòó. Etí Ológbò ṣí agolo kan, ó mú kapasítọ̀ kékeré kan jáde, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti gburu gburu, ó sọ ti korobá kékeré, ó sọ ti etí àgbà, ó sọ ti ẹ̀rọ kékeré tó fi dán an wò. Ó dé ibi tó ti yọ ọ́ kúrò láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

Obìnrin náà fi ìka kan yí nǹkan kékeré náà lórí àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin náà.

"Eléyìí?"

"Òun ni."

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Ọjọ́ tí Tíṣà gbé e wá."

"Ọjọ́ yẹn gan-an?"

"Ọjọ́ yẹn gan-an."

Ó mí sókè, ó mí sílẹ̀. "Bọ̀dá, ṣé ẹ mọ̀ pé mo ti gbà pé mo sọ ọ́? Bí mo bá dá wà nínú yàrá, mo máa ń sọ ọ́ kí n lè gbọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ ọ́ títí mi ò mọ èyí tó jẹ́ èyí mọ́. Mo ní bóyá inú mi burú lóòótọ́, tí èmi fúnra mi ò mọ̀." Ó dìde. "Ẹ mú irin yín. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ó tẹ̀lé e. Obìnrin náà kò wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan títí wọ́n fi dénú yàrá níbi tí ìyá náà dùbúlẹ̀ sí. Tíṣà ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, ó ń fi òkìtì ìwé rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan; ó dìde nígbà tó rí wọn.

"Màmá," ni Etí Ológbò wí, "mo wá jẹ́jọ́ ara mi."

Ó kì wáyà irin rẹ̀ bọ iná ògiri, ó tú àpótí náà lórí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó jó 103 padà sínú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀dì kán sílẹ̀. Ó fi wáyà bọ ìyá náà létí. Ó ní kí ìyàwó wá sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n obìnrin náà kọ̀.

"Èmi ò ní sọ ọ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọn sọ ọ́."

Tíṣà lọ dúró sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n yín ló kú," ló wí.

"Kú," ni ìyá náà wí.

"Ẹ̀gbọ́n yín ló kù."

"Kú. Ọ̀kan náà lo ń sọ."

Tíṣà tún un sọ. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bẹ̀bẹ̀. Kú ni ìyá náà ń gbọ́. Etí Ológbò yọ ọ́, ó fi 104 sí i, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìyá náà gbọ́ kù, ó yọ wáyà létí, ó fi ọwọ́ bo ojú, ó tún fi í padà sí etí.

"Ta ló mọ èyí?"

"Èmi ni, Mà."

"O gbé e fún ọmọ mi, o ní kò sí nǹkan tó ṣe é."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Kí ló dé?"

Àwọn àwáwí rẹ̀ tò wá, ó rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Orúkọ mi ni mo ń ṣọ́, Mà."

"Orúkọ rẹ." Ìyá náà wò ó bí aránṣọ ṣe ń wo aṣọ tí wọ́n gé ṣì. Ó yíjú. "Ìyàwó mi, sún mọ́ mi."

Obìnrin náà wá dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kò kọjá ibẹ̀.

"Mo ṣì ọ́ gbọ́."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Tíṣà ń wo bàtà rẹ̀. Etí Ológbò kúnlẹ̀, ó ń kó irin rẹ̀. Ó béèrè èyí tí wọ́n fẹ́ kí òun fi sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà.

"Èyí tó ń kùn," ni ìyá náà wí.

Ìyàwó Tíṣà sìn ín dé géètì. Kò dúpẹ́, kò sì bú u. Ó di irin géètì mú. "Inú ilé ti gbọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìta ni wọ́n ti ń bú mi."

"Mo mọ̀."

"Bí mo bá fi Sátidé lọ tàbí mi ò lọ, èmi àti ọkọ mi la máa sọ ìyẹn. Èyí tó jẹ́ tiyín, ẹ lọ ṣe é."

Ó rìn títí dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ènìyàn mẹ́rin ló jókòó síbẹ̀, ọ̀kan sì wà lábẹ́ aṣọ pẹ̀lú ìdajì orí rẹ̀ tí wọ́n ti fá. Ó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ Ìyá Aránṣọ. Onígbàjámọ̀ pa ẹ̀rọ ìgérun rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí kapasítọ̀, bí iná tó yára ṣe ń kọjá, bí èyí tó lọ́ra ṣe ń dúró. Wọ́n ń mi orí. Ẹnì kan tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyí, kó máa bá a lọ. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó gbọ́ bó ṣe dùn, ó sì mọ̀ pé òun tún ti ń fi iṣẹ́ òun bo ara òun.

Ó dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

"Obìnrin yẹn ò sọ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Èmi ni mo ba ẹ̀rọ náà jẹ́. Mo mọ̀, mo sì jẹ́ kí ẹ máa bú u."

Ẹnikẹ́ni kò mi orí sí ìyẹn. Onígbàjámọ̀ wo ẹ̀rọ ìgérun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé òun ló sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ó tún un tàn, ó sì padà sídìí irun tó ń gé. Etí Ológbò dúró díẹ̀ bóyá wọ́n máa bi í ní nǹkan. Nígbà tí wọn ò bi í, ó jáde, ó sì yà sí ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀lé e láti lọ sọ ọ́ níbẹ̀ náà.